Ọdún Tí Kò Lórúkọ: Àmì Ẹ̀yẹ Ogun Ìmàgbọn àti Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ láàrin wa: pé àbùkù ni Gẹ̀ẹ́sì fi kan Ìjẹ̀bú nígbà tí wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ sára àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fún àwọn tó jagun Ìmàgbọn. A kò gbà. Àwọn tó ní èrò yìí kò ka fàdákà náà délẹ̀.

Ìtàn ogun náà kò ní àríyànjiyàn. Ní oṣù Karùn-ún 1892, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Francis Scott kó ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Ẹ̀pẹ́ wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Wọ́n jà ní Ìmàgbọn lọ́jọ́ 19, ìbọn Maxim ṣọṣẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi Scott joyè Sir.

Ẹ wá wo àmì ẹ̀yẹ náà. Níwájú, orí Ọbabìnrin Victoria pẹ̀lú ìborí. Lẹ́yìn, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń bá àwọn dúdú jà nínú igbó. Ogun Àṣántí ti 1873 sí 1874 ni Edward Poynter ya àwòrán yẹn fún. Scott fúnra rẹ̀ sì jà níbẹ̀. Igbó Àṣántí ni wọ́n fi ṣe ìrántí Ìjẹ̀bú! Bí a bá ń wá àbùkù, ibí yìí ni kí a ti wá a.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà lára ọ̀pá fàdákà tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ òféfèé àti dúdú. Àmì ẹ̀yẹ kan náà ni wọ́n fún àwọn tó ja ogun mìíràn ní Áfíríkà; ọ̀pá yìí ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Oríṣi méjì ni, a kò sì gbọ́dọ̀ pa wọ́n pọ̀. Àwọn kan dárúkọ ibi tí a ti jà: Witu 1890, Brass River 1895, Benin 1897. Àwọn mìíràn ní ọdún nìkan: 1892, 1893-94, 1897-98. Bí ó bá jẹ́ pé àìkàsí ló ń fa àìdárúkọ, kí ló dé tí Liwondi 1893, níbi tí ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ti jà, fi ní orúkọ tirẹ̀? Ohun tí a rí ni pé níbi tí ọmọ ogun ojú omi bá ti jà, orúkọ ibẹ̀ sábà máa ń jáde. Níbi tí ó jẹ́ pé àwọn Haúsá ológun ìjọba ló ru ẹrù ogun náà, bíi Ìmàgbọn, ọdún nìkan ló máa ń wà níbẹ̀. Niger 1897, ogun Bídà àti Ìlọrin, tako wa díẹ̀. Bóyá ọwọ́ kọ́ńpìnnì Royal Niger, tó ja ogun náà, gùn ní London ni. Síbẹ̀, a dúró lórí ọ̀rọ̀ wa: àwọn tó jà fún Gẹ̀ẹ́sì ni wọn kò kà sí, kì í ṣe àwọn tí wọ́n bá jà.

Ewu kan wà nínú ọ̀pá tó ní ọdún nìkan. Ọ̀pá 1892 kan náà ni wọ́n fi fún àwọn tó jà ní Tambi, àti fún àwọn tó jà ní Toniataba ní Gambia, níbi tí William Gordon, ọmọ Jàmáíkà, ti gba Victoria Cross. Nítorí náà, ọdún nìkan kò tó láti fi pe àmì ẹ̀yẹ kan ní ti Ìjẹ̀bú. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, ẹ yí i padà kí ẹ wo etí rẹ̀. Orúkọ ẹni tó gbà á àti ẹgbẹ́ ogun rẹ̀ wà níbẹ̀.