Ta Ló Fọwọ́ Kan Model 42 Yìí?

Lọ́dún 1933, tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ṣì dojú dé, ilé-iṣẹ́ Winchester ní New Haven gbé ìbọn kékeré kan jáde, wọ́n pè é ní Model 42. William Roemer ló ṣètò rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí Model 12, tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe láti 1912, kò ní bèèrè ẹni tó bí ọmọ yìí: ìrísí kan náà, igi abẹ́ ọ̀pá kan náà tí wọ́n ń fà sẹ́yìn kí páálí kátíríìjì tí wọ́n ti yìn jáde, tí wọ́n sì ń tì síwájú kí òmíràn wọlé. Ẹnu wọn ni kò dọ́gba.

Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe ìbọn ọdẹ, bíi 12, 20 tàbí 28, ni iye ọta òjé roboto tó bá ẹnu ìbọn náà mu géẹ́, tí gbogbo wọn yóò wọn pọ́n-ùn kan tí a bá kó wọn jọ. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà fi ń pọ̀ sí i bí ẹnu ṣe ń kéré sí i. Model 42 kò sí nínú ìkà yẹn. Íǹṣì ni wọ́n fi wọn tirẹ̀: .410, nǹkan bíi mílímítà 10.4.

Ìbọn tó kéré tó báyìí, ta ló fẹ́ ẹ? Àwọn ọdẹ ẹyẹ àti ehoro ni, àti àwọn tó ń ṣe skeet, eré ìyìnbọn sí àwo amọ̀ tó ń fò, tí Charles Davies àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Andover, ní Massachusetts, ní nǹkan bí 1920. Kátíríìjì íǹṣì 2½ tó gbé ìdajì áúǹsì ọta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń lò ní ìpele .410 nínú eré náà. Ọdẹ ní tirẹ̀ fẹ́ràn kátíríìjì íǹṣì 3 tí Winchester gbé jáde pẹ̀lú ìbọn náà, tó gbé ¾ áúǹsì. Oríṣi ilé ọta méjì ni ilé-iṣẹ́ wá ń gbẹ́, wọ́n sì ń tẹ ìwọ̀n rẹ̀ sára ọ̀pá.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdẹ tó bá ra ìbọn skeet á gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ìbọn, onítọ̀hún á ki irin ìgbẹ́hò bọ inú rẹ̀, á yí i díẹ̀, ó di íǹṣì 3. Iṣẹ́ náà bọ́gbọ́n mu. Bí a bá yin kátíríìjì gígùn nínú ilé kúkúrú, ẹnu rẹ̀ tí wọ́n ká pọ̀ kò ní ráyè ṣí dáadáa, ipá inú ọ̀pá á sì ga kọjá ààlà. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹnu kékeré ni ipá kékeré o: ààlà tí àwọn oníṣẹ́ ọta Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ fún 12 tó wọ́pọ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 11,500 lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kan, ti 28 jẹ́ 12,500, ti .410 oníǹṣì 3 sì dé 13,500. Àmọ́ irin tí a ti gbẹ́ kò ṣeé dá padà. Ọ̀pá ṣì ń sọ 2½, ilé ọta ń sọ 3. Ẹni tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ á ti wọ̀n ọ́n kó tó dárúkọ owó.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn bó bá jẹ́ pé alágbẹ̀dẹ ìgboro nìkan ló ń fọwọ́ kan ìbọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Cutts Compensator, irin olójú gbọọrọ tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Richard Cutts ṣe, tí ilé-iṣẹ́ Lyman sì tà nígbà náà, burẹ́wà lẹ́nu ìbọn, kò sí bí a ṣe fẹ́ wí i. Síbẹ̀ ó ń dín bí ìbọn ṣe ń ta èjìká kù, a sì lè pààrọ̀ ẹnu rẹ̀ kí ọta fọ́n ká tàbí kó wà lójú kan. Winchester fúnra rẹ̀ ta Model 12 tó ní in láti ilé-iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀já irin oníhò tí ilé-iṣẹ́ Simmons ní Kansas City máa ń fi sórí ọ̀pá nígbà náà kí ojú lè tètè bá ohun tó ń fò: Winchester rà lára rẹ̀. Ẹni tó bá yọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kúrò nítorí pé ó ń wá ojúlówó lè máa ba ojúlówó gan-an jẹ́.

Ìwé ilé-iṣẹ́ ló ń fi ojúlówó hàn. Ilé-iṣẹ́ ìbọn Parker ti Meriden, tí Remington rà ní 1934, ní àǹfààní yìí: ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà ṣì wà, tí a lè fi mọ gígùn ọ̀pá tí ìbọn kan bá jáde. Bí ọ̀pá ọwọ́ ẹni bá kúrú ju ti inú ìwé lọ, a ti gé e, ibi tó fún lẹ́nu rẹ̀ sì ti bá a lọ.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò fi tiwọn sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú oníbọn. Lábẹ́ òfin Gun Barrel Proof Act ti 1868, ìbọn tí wọ́n bá fa ilé ọta rẹ̀ gùn gbọ́dọ̀ padà sí ilé àyẹ̀wò London tàbí Birmingham kí wọ́n tó lè tà á. Èyí tí wọ́n bá sì jó ọ̀pá tuntun mọ́ ìdí ọ̀pá àtijọ́ rẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sí i lára pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Winchester ṣe Model 42 tó lé ní 150,000 kó tó dáwọ́ dúró ní 1963. Ìbọn ọdẹ lásán ló pọ̀ jù nínú wọn, èyí tí wọ́n ti gé igi ìdí rẹ̀ tàbí tí wọ́n ti kùn ún tuntun kò sì ní ohun púpọ̀ láti pàdánù mọ́ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ. Skeet oníǹṣì 2½ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbẹ́ ni kí wọ́n yọwọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀. Olówó rẹ̀ tó bá fẹ́ yin íǹṣì 3 lè tà á fún àwọn tó ń kó ìbọn jọ, kó fi díẹ̀ nínú owó náà ra èyí tí ẹlòmíràn ti gbẹ́ tẹ́lẹ̀.