ÌYÍPADÀ OHÙN INÚ KÁSẸ́Ẹ̀TÌ SÍ ÌLÀNÀ DÍGÍTÀ: ÌTÀN RẸ̀ ÀTI Ẹ̀KỌ́ RẸ̀ FÚN AGBÈGBÈ PEDRO NÍ ÌPÍNLẸ̀ ÈKÓ

Ìfáàrà

Ohùn ni ọ̀nà pàtàkì tí a fi ń dá ìjálá mọ̀ yàtọ̀ sí rárà tàbí iwì eégún, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú wọn máa ń jọra. Nítorí náà, ẹni tó ní ewì alohùn lórí ìwé nìkan kò tíì ní i tán. Ọ̀rọ̀ yìí kan agbègbè Pedro, tó wà láàrin Ṣómólú àti Bàrígà, gbọ̀ngbọ̀n. Ṣómólú gbajúmọ̀ fún iṣẹ́ ìwé títẹ̀. Ní Àkọkà tó wà nítòsí, Yunifásítì Èkó ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá ti kọ́ni, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní 1966. Ìwé ti gba ọ̀rọ̀ là. Ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì ló kù.

Ìtàn Ìgbohùnsílẹ̀

Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin Yorùbá 43 sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ló lágbára irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Àwọn ará Jámánì gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ olókùn òòfà jáde ní 1935. Ní 1963, Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì kékeré jáde. Kásẹ́ẹ̀tì ló sọ mẹ̀kúnnù di olùgbohùnsílẹ̀. Oríkì tí ìyá àgbà ń ki, ẹkún ìyàwó, wáàsù, àti ìkíni tí a fi ránṣẹ́ sí ọmọ ní òkè òkun di ohun tó ṣe é tọ́jú nínú ilé.

Ewu Tó Wà Níbẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Ti kásẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó ti fín sílẹ̀ gan-an ló ń parun. Ìyẹ̀fun bí ìpẹtà irin ni a lẹ̀ mọ́ ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ láti fi ṣe okùn rẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin bíi ti Èkó ń ba ohun tí a fi lẹ̀ ẹ́ jẹ́, okùn náà a sì bu. Ní 2019, UNESCO àti IASA, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn olùtọ́jú ohùn, kìlọ̀ pé láti nǹkan bí 2025 lọ, yóò ṣòro láti rí ẹ̀rọ tí yóò lu irú okùn bẹ́ẹ̀.

Ìlànà Iṣẹ́ Náà

Lákọ̀ọ́kọ́, a gbọ́dọ̀ ṣẹ́ etí ike kékeré méjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, kí ẹ̀rọ má baà gba ohun mìíràn lé e. Lẹ́yìn náà, a ó nu orí ẹ̀rọ, a ó sì so ó mọ́ ẹ̀rọ ayárabíàṣá. Kò sí ọ̀nà àbùjá: kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan yóò gba wákàtí kan. Ìwọ̀n tó kéré jù tí IASA fi ọwọ́ sí ni bíìtì 24 àti kHz 48 nínú fáìlì WAV. Wákàtí kan yóò gba nǹkan bíi gígábáìtì kan. MP3 dára fún pínpín, kò dára fún ìtọ́jú, nítorí pé ó ń gé lára ìró ohùn dànù.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ kò lè sọ ẹni tó ni ohùn. Orúkọ apohùn, ìlú rẹ̀, oríkì orílẹ̀ tó ń kì, ọjọ́ àti ayẹyẹ náà gbọ́dọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ẹni tó ni ín. Àwọn àgbà tó lè dá ohùn náà mọ̀ ń dínkù ju ẹ̀rọ lọ.

Ìkádìí

Ó yẹ kí olùkọ́ èdè Yorùbá fi iṣẹ́ yìí ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá: kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú kásẹ́ẹ̀tì kan lọ bá àgbàlagbà ilé rẹ̀, kí ó sì kọ ohun tí ó bá sọ sílẹ̀. Ìbéèrè ni kó ṣáájú, kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé e.