Bí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ṣe lè rìn yí Ìbàdàn ká

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní rírìn ni yóò fi hàn, ọ̀nà ni yóò mú wa mọ̀. Àlejò tí àpò rẹ̀ fúyẹ́ lè mọ Ìbàdàn dáadáa bí ó bá tètè mọ̀ pé owó ọkọ̀ ni ó máa ń jẹ owó àlejò níbẹ̀ ju owó ibi tí ó fẹ́ wò lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá ni ó wà nílẹ̀ Ìbàdàn. Márùn-ún wà láàárín ìlú, mẹ́fà sì wà ní ìgbèríko, lára wọn ni Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Nítorí náà, ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí àlejò máa tọ̀ lóòjọ́.

Ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni kí ó kọ́kọ́ tọ̀. Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ń já èrò sí Mọ́níyà ní Akínyẹlé. Ilé ìtura kéékèèké wà níbẹ̀. Kí àlejò wo yàrá kí ó tó sanwó. Lójú ọ̀nà yìí kan náà ni àjọ IITA wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967. Onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lórí gbágùúdá, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò wọlé gbọ́dọ̀ tọrọ àyè ṣáájú.

Lọ́jọ́ kejì, kí ó wọ àárín ìlú. Ibùdó ogun ni Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1829, tí àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá jọ ń gbé ibẹ̀. Ní 1916 ni wọ́n ya Ṣábó sọ́tọ̀ fún àwọn Hausa. Ọ̀rọ̀ obì àti màlúù ni ó kó ọ̀pọ̀ wọn wá. Síbẹ̀, àlejò lè jẹ súyà àti túwó níbẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Òpópónà Lẹ́bánọ́nì ní Gbági àtijọ́ ń jẹ́rìí sí àwọn oníṣòwò aṣọ tí wọ́n ti ilẹ̀ Éṣíà wá. Gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí ní 1929, àti ilé ìṣọ́ Bower ní Òkè Ààrẹ, tí wọ́n kọ́ ní 1936, kò jìnnà síra. Ẹni tí ó bá gun ilé ìṣọ́ náà yóò rí òrùlé ìlú lọ bí ilẹ̀ bí ẹní.

Ọ̀nà Ìwó àti ọ̀nà Ifẹ̀ ni ti ọjọ́ kẹta. Ìyànà Ọ̀fà àti Lálúpọn ní Lágelú wà lójú ọ̀nà Ìwó. Ní ìhà Ẹgbẹ́dá, Gbági tuntun ni ọjà aṣọ tí ojúlówó àti ọ̀pọ́ ti pàdé. Ọjà náà ni kí ó fi ojú rìn, kí ó má fi owó rìn ín.

Akáńrán ní Ọ̀nà-Àrà ni kí ó fi kádìí rẹ̀. Ibẹ̀ ni Tafa Adéoyè, ọ̀kan lára àwọn aṣíwájú Àgbẹ̀kọ̀yà, ti wá. Ní 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ kọ̀ láti san owó-orí tí ó kọjá agbára wọn, títí ìjọba fi dín in kù sí pọ́n-ùn méjì. Ìlú náà kò ní ilé ńlá tí wọ́n ń gba owó ìwọlé sí. Ìtàn tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń sọ ni ohun tí a ń wá lọ.

Ọjà abúlé máa ń ní ọjọ́ tí wọ́n ń ná an, nítorí náà kí àlejò béèrè ọjọ́ ọjà kí ó tó gbéra. Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ a máa pọ̀, oúnjẹ a sì dínwó. Kí ó kó owó ṣẹ́ńjì dání, kí ó fi ẹnu kò pẹ̀lú ọlọ́kadà kí ó tó gùn ún, kí ó sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí ọkọ̀ máa ń wọ́n lálẹ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀. Ìkíni kò ná an ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n òun ni yóò jẹ́ kí wọ́n gbà á bí ọmọ ilé.