Ọyún Abẹ́ Díáfírámù: Apá Ọ̀tún Kì Í Ṣe Apá Òsì

Ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́sọ́nà ló fi CT ṣe àwòrán àkọ́kọ́ fún ẹni tí a bá fura pé ọyún kó jọ sábẹ́ díáfírámù rẹ̀. N kò jiyàn pé CT ríran ju ultrasound lọ. Ibi tí èmi àti wọn ti yà ni bí wọ́n ṣe sọ apá ọ̀tún àti apá òsì di ọ̀kan.

Nínú aláìsàn 3,608 tí Ochsner àti DeBakey gbé yẹ̀ wò ní 1938, appendicitis ló ṣáájú nínú ohun tó ń fà á. Lóde òní, ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ ló ń fa púpọ̀, apá òsì sì ti gba ìpín tirẹ̀. Irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìtọ́sọ́nà ní lọ́kàn. Ní Nàìjíríà ńkọ́? Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ṣì ń lu ìfun àwọn ọmọ wa, ìparí ìfun kékeré, nísàlẹ̀ lọ́tùn-ún, ló sì sábà máa ń lu. Ohun tó bá jò níbẹ̀ yóò gba ẹ̀gbẹ́ ìfun ńlá gòkè dé abẹ́ díáfírámù. Lápá òsì, phrenicocolic ligament dí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló sì kún apá ọ̀tún, tí ìró ultrasound ń gbà kọjá wẹ́rẹ́. Lápá òsì, atẹ́gùn inú àpòlúkù àti ìfun ń dínà fún un. Apá òsì ni mo fi sílẹ̀ fún CT.

Ìbéèrè tó le jù ni pé: ṣé òkè díáfírámù ni omi tí a rí wà, àbí ìsàlẹ̀? Omi àyà sábà máa ń bá ọyún yìí rìn. X-ray nìkan kò lè yanjú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn tó ṣẹ́ kù nínú ikùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kì í ṣe ẹ̀rí. Atẹ́gùn tó bá fi ìlà gbọọrọ jókòó sórí omi nígbà tí aláìsàn dúró ni ẹ̀rí tó wúwo. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀dọ̀, ibì kan wà tí peritoneum, awọ tó bo inú ikùn, kò bò, tó lẹ̀ mọ́ díáfírámù ṣinṣin. Omi inú peritoneum kò lè wọ ibẹ̀. Omi tí a bá rí lẹ́yìn rẹ̀, inú àyà ló wà. Abẹ́ CT ni wọ́n sábà máa ń kọ àmì yìí sí, àmọ́ ultrasound náà ń fi í hàn: díáfírámù a máa yọ bí ìlà funfun, ẹni tó fara balẹ̀ yóò sì rí ẹ̀gbẹ́ tí omi wà.

Bóyá ọyún ni tàbí omi lásán, abẹ́rẹ́ ló máa sọ. Ó dá mi lójú pé bí apá ọ̀tún bá ti hàn kedere lórí ultrasound, dídúró de CT ń fi àkókò aláìsàn ṣòfò. Kí abẹ́rẹ́ náà ṣáà gba ìsàlẹ̀ ibi tí àyà parí sí wọlé, kó má kó ọyún wọ ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀.