Iyọ̀ Òyìnbó: Ìtàn tó Wà Nínú Bisikíìtì Àyanjẹ Ilé

Bisikíìtì oníṣúgà tí wọ́n ń yan nínú ilé kò ṣòro ṣe. Wọn a po bọ́tà àti ṣúgà pọ̀ títí yóò fi fúyẹ́, wọn a lu ẹyin sí i, wọn a sì fi ìyẹ̀fun àlìkámà pò ó. Wọn a tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọn a gé e, wọn a sì yan án fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Ilé tí kò ní ófùn a máa da iyanrìn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò kí ìdí rẹ̀ má baà jó. Èròjà mẹ́rin péré ni. Ṣùgbọ́n nínú orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹyin nìkan ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ àyálò.

Àlìkámà gba òkè wá. Alkama ni àwọn Haúsá ń pè é, àwọn náà sì yá a láti inú al-qamḥ ti èdè Lárúbáwá. Ọ̀nà aṣálẹ̀ Sàhárà, ọ̀nà àwọn oníràkúnmí, ni ọ̀rọ̀ náà tọ̀. Nígbà tí wọ́n ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ní ọ̀rúndún 19, òun ni wọ́n lò.

Ṣúgà àti bọ́tà ní tiwọn bá Gẹ̀ẹ́sì gba etí òkun wọlé. Sukkar ti Lárúbáwá ló bí sukari àwọn Haúsá, òun náà ló sì wà nídìí sugar ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá kan náà ló bí wọn. Ọ̀nà ni wọ́n yà.

Ọ̀nà òkun yìí ló mú ẹ̀mí lọ. Ní ọ̀rúndún 16, àwọn Potogí dá oko ìrèké sí erékùṣù São Tomé, wọ́n sì kó ẹrú láti Benin àti Kongo lọ síbẹ̀. Irú oko bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀ dé Brazil, Barbados, Jàmáíkà àti Cuba. Nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 12.5 ni wọ́n kó sínú ọkọ̀ ní etíkun Áfíríkà, iṣẹ́ ìrèké sì ni ọ̀pọ̀ wọn lọ ṣe. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Lucumí wà lára àwọn tó gé e ní Cuba ní ọ̀rúndún 19. Ní 1791, lẹ́yìn tí ilé aṣòfin Britain kọ àbá àti fòpin sí òwò ẹrú, ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀ kọ̀ láti jẹ ṣúgà oko ẹrú. Inú ilé ìdáná ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìjà náà.

Ọmọ ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù ìrèké wọ̀nyí wà lára àwọn tó sọ oúnjẹ àlìkámà di ti gbogbo ènìyàn ní Èkó. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà, dé Nàìjíríà ní 1913 láti ṣiṣẹ́ reluwé. Ní 1921 ó bẹ̀rẹ̀ òwò búrẹ́dì. Bí ẹnu ṣe mọ́ àlìkámà tó ni orílẹ̀-èdè ń gbára lé ti òkè òkun tó. Ìjọba fòfin de ìkówọlé rẹ̀ ní 1987, àwọn oníbúrẹ́dì sì ń fi ìyẹ̀fun àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ lú u. Ní 1992 òfin náà kásẹ̀ nílẹ̀.

Àwọn kan a máa fẹ́ kí olùkọ́ fa ọ̀rọ̀ àyálò tu, kí ó fi èyí tí Yorùbá fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá rọ́pò rẹ̀. Yorùbá ti ṣẹ̀dá ọ̀kan fún ṣúgà: iyọ̀ òyìnbó. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ó fi ohun tí ọwọ́ ọmọ Áfíríkà gé fún òyìnbó nìkan. Ọ̀rọ̀ àyálò kì í purọ́ bẹ́ẹ̀: ó ń sọ ọ̀nà tó gbà wá. Kí olùkọ́ kọ́ ọmọ ní méjèèjì, kí ó sì sọ fún un ẹni tó gé ìrèké náà.