Èèpo Ọsàn, Àrọ àti Orí Táńkà: Bí Ohun Tó Tẹ̀ Ṣe Ń Di Pátánì Pẹlẹbẹ ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin

Ọlọ́sàn tó ń tajà ní First Gate, lẹ́nu ọ̀nà Festac ní Èkó, kì í bó ọsàn ní kélekèle. Á fi ọ̀bẹ lé e lórí, á máa yí i lọ́wọ́, èèpo tẹ́ẹ́rẹ́ á sì máa já bọ̀ gbọọrọ bí okùn títí ara ọsàn yóò fi funfun. Bí a bá tẹ́ okùn èèpo yẹn sórí tábìlì, yóò dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, yóò sì rí bíi lẹ́tà S. Ní ọdún 2012, onímọ̀ ìṣirò méjì, Laurent Bartholdi àti André Henriques, tẹ àpilẹ̀kọ jáde lórí èèpo ọsàn yìí gan-an. Wọ́n fi hàn pé bí èèpo bá ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa sún mọ́ ìlà kan tí wọ́n fi orúkọ Euler pè, ìlà tí àwọn ẹnjiníà fi ń ya ìyànà ojú irin. Kí ẹnìkan wá la ọsàn mìíràn sí méjì, kó yọ èèpo rẹ̀ bí igbá, kó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì. Etí rẹ̀ á ya, bó ti wù kí ọwọ́ olúwarẹ̀ rọ̀ tó.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èèpo méjèèjì yìí ni wẹ́dà, télọ̀, oníbàtà àti ẹni tó ń ran aṣọ ìjókòó mọ́tò ń bá jìjàkadì lójoojúmọ́. Irú wọn kò ṣọ̀wọ́n ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, níbi tí ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò àti ẹ̀rọ, ASPAMDA, wà nínú Trade Fair létí títì Badagry.

Euler yẹn, Leonhard Euler, ti kọ̀wé ní 1772 nípa àwọn ohun tí a lè tẹ́ ara wọn sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Ṣùgbọ́n Carl Friedrich Gauss, ará Jámánì, ló dé ìdí ọ̀rọ̀ náà ní 1827. Ní ojúkò kan lára ohun tó tẹ̀, a ó wo ọ̀nà tó ti tẹ̀ jù àti ọ̀nà tó ti tẹ̀ kéré jù, a ó sì fi ìwọ̀n kan sọ èkejì di púpọ̀. Páìpù tẹ̀ yíká, ṣùgbọ́n ó gún régé lóròó: ìwọ̀n kan jẹ́ òdo, èsì náà sì di òdo. Òdo náà ni ti bébà. Bọ́ọ̀lù ní tirẹ̀ tẹ̀ síhìn-ín, ó tẹ̀ sọ́hùn-ún, èsì rẹ̀ kò sì lè jẹ́ òdo láé. Gauss fi hàn pé bí a kò bá na ohun náà, tí a kò fún un pọ̀, tí a kò sì ya á, èsì yìí kì í yí padà, ká ká a ká tún un ká.

Ẹni tó ń ṣe àrọ kò nílò láti gbọ́ orúkọ Gauss. Ká ní ẹnu àrọ yóò fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ẹnu dé ṣóńṣó yóò sì gùn ní 45. Á gún ìṣó mọ́ páànù, á so okùn sẹ̀ǹtímítà 45 mọ́ ọn, á fi ṣọ́ọ̀kì fa róbótó yíká. Ìdajì ìbú ẹnu àrọ jẹ́ 15, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta 45. Nítorí náà, ìdá kan nínú mẹ́ta róbótó náà, dígírì 120, ni yóò gé. Á fi díẹ̀ kún un fún ibi tí etí méjèèjì yóò ti pàdé, á gé ṣóńṣó rẹ̀ kúrò kí epo lè rí ọ̀nà kọjá, á sì ká a. Kò ya, kò sì fún pọ̀.

Nínípọn irin ló ń tan ọmọṣẹ́ jẹ. Ẹni tó fẹ́ ṣe róbótó tí ìbú rẹ̀ níta jẹ́ mìlímítà 600, tó sì gé páànù rẹ̀ ní 1,885, rò pé òun ti ṣírò tán. Bí irin náà bá nípọn tó mìlímítà 3, iṣẹ́ yóò tóbi jù. Nígbà tí irin bá ń ká, ẹ̀yìn rẹ̀ ń nà, inú rẹ̀ ń fún pọ̀, àárín nìkan ni gígùn rẹ̀ kì í yí padà. Àárín yẹn ló yẹ kó wọ̀n, èyí tó jẹ́ bíi 1,875.5. Mìlímítà 9 ó lé díẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kí ìdérí bá ẹnu mu.

Lọ́nà Kírìkírì, táńkà epo ló ń kún ojú títì, ara wọn sì fi ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. Àgbá gbọọrọ tó wà láàárín jẹ́ páànù pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ẹ̀rọ ká. Orí àti ìdí rẹ̀, tó yọ síta bí ìdí àwo, tẹ̀ sí ọ̀nà méjì, ẹ̀rọ ńlá ló sì ní láti tẹ̀ wọ́n kí irin ibẹ̀ lè nà. Gbèsè tí Gauss kọ sílẹ̀ nìyẹn, irin ló ń san án.

Aṣọ ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní ọdún 1878, Pafnuty Chebyshev, onímọ̀ ìṣirò ará Rọ́ṣíà, sọ̀rọ̀ ní Paris lórí gígé aṣọ. Ó wòye pé òwú inú aṣọ kì í nà, igun tí òwú ìbú àti ti òró fi pàdé ló ń yí. Ìdí nìyẹn tí aṣọ fi lè lẹ̀ mọ́ èjìká níbi tí páànù kò ti ní gbà. Síbẹ̀, bí ó bá dé ibi àyà, télọ̀ yóò fi dáàtì, ìyẹn ìṣẹ́po tí a rán, sí gáùn. Ní tòótọ́, àwọn baba ńlá wa ní ọgbọ́n tó dùn ju èyí lọ: wọ́n yàgò fún wàhálà. Ìró kò ju aṣọ pẹlẹbẹ tí a wé yíká lọ, bùbá jẹ́ onígun mẹ́rin tí a so pọ̀, agbádá sì gba ara láyè láti ṣe bó ṣe fẹ́.

Àṣìṣe kan wà tó yẹ ká yà sọ́tọ̀ kó tó di ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ará Festac mọ ojú kan tó ti tẹ́ sórí bébà: ojú Ìdíà, ìyá ọba Benin, tí Erhabor Emokpae fi ṣe àmì FESTAC, àjọ̀dún àṣà tó wáyé láti 15 oṣù kìn-ín-ní sí 12 oṣù kejì 1977. Ara ìbòjú eyín erin kan láti Benin ni ojú náà ti wá. Àwòrán rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n àwòrán kì í ṣe pátánì. Ìwòye iwájú ti fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì pọ̀, páànù tí a bá gé bẹ́ẹ̀ kò sì ní ká padà di ojú. Ẹni tó bá tẹ ìwòye iwájú láti inú kọ̀ǹpútà, tó sì gé e, irú àṣìṣe yìí ló ṣe.

Ètò ìyàwòrán Rhino, tí ilé-iṣẹ́ Robert McNeel ní Seattle ṣe, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rú ẹnikẹ́ni lójú: àṣẹ UnrollSrf wà fún àrọ àti páìpù, Squish wà fún èyí tó tẹ̀ sọ́nà méjì. Irú ètò bẹ́ẹ̀ máa ń pín ara nǹkan sí onígun mẹ́ta kéékèèké, á tẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á sì máa fà wọ́n tì wọ́n títí gígùn ẹ̀gbẹ́ wọn yóò fi sún mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Òmíràn a máa fi àwọ̀ ṣàfihàn ibi tó nà àti ibi tó fún pọ̀. Ní 2002, Bruno Lévy, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀nà kan jáde tó ń gbìyànjú láti dá igun sí dípò gígùn. Kò sí èyí tó borí Gauss nínú gbogbo wọn. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń bi oníṣẹ́ níbi tó ti fẹ́ san gbèsè rẹ̀: ṣé níbi ìránpọ̀, ṣé níbi tí ohun èlò ti lè nà, àbí níbi tí ojú kò ní tètè rí?

Lẹ́yìn èyí, fáìlì DXF, irú tí AutoCAD mú wá ní 1982, ni yóò gbé pátánì lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ tó ń fi iná gé irin. A ó kọ́kọ́ to àwọn ẹ̀yà náà sórí páànù ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ́nà 8, kí ohun tó máa ṣòfò lè dín kù. Ètò náà kò mọ̀ bóyá irin tí wọ́n rà nípọn tó bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kò sì mọ bí ẹ̀rọ tó ń ká a ṣe le tó. Nítorí náà ni oníṣẹ́ tó gbọ́n fi máa ń tẹ pátánì náà sórí bébà, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí Indomie, á gé e, á ká a, á sì fi sẹ́lótéèpù so etí méjèèjì pọ̀. Bí wọ́n bá pàdé, ó tó àkókò láti tan iná sí irin.