Ìyá Àgbà Tí Ó Fi Tákàdá Ṣe Òdòdó

Nígbà tí a bá fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní àlùmọ́gàjí àti àjákù tákàdá pé kí wọ́n fi ṣe òdòdó sínú ìwé wọn, àwọn àgbà a máa wò ó bí eré tí a fi ń lé oorun kúrò lójú ọmọdé. Àwa náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìtàn Mary Delany, obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ti yí wa lérò padà, nítorí ẹni ọdún 72 ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí.

Ní ọdún 1700 ni a bí i. Ó jẹ́ ọmọ ọdún 17 nígbà tí àwọn ẹbí rẹ̀ fi í fún ọkùnrin kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 60 ọdún. Kò rí ayọ̀ nínú ìgbéyàwó náà, ọkọ sì kú kí òun tó dàgbà púpọ̀. Ní 1743 ó fẹ́ Patrick Delany, àlùfáà Ìjọ ní ilẹ̀ Ireland. Lọ́dọ̀ ẹni yìí ni ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀, nítorí ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn ọgbà, a sì máa gbà á níyànjú láti yàwòrán. Ní 1768 àlùfáà náà kú. Mary di opó lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ ni kò bímọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, opó Dúkì Portland, a máa gbà á sí ilé rẹ̀ ní Bulstrode. Níbẹ̀ ni ó wà ní 1772, tí ó fi ṣàkíyèsí pé àwọ̀ tákàdá kan tí ó wà nítòsí bá ti òdòdó jẹ́rániọ́mù mu gẹ́lẹ́. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gé e. Wọ́n ní nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé, ó rò pé òdòdó tòótọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti ń ṣe é. A kọ́kọ́ fi àwọ̀ dúdú kun ojú tákàdá, kí òdòdó lè yọ lára rẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ lóru. Irúgbìn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já yóò wà níwájú rẹ̀. Yóò sì máa gé tákàdá aláwọ̀ ní ègé wẹ́wẹ́, yóò máa lẹ̀ wọ́n lé ara wọn, èyí tí ó mọ́ lórí èyí tí ó ṣókùnkùn, títí dé orí iṣan ewé tí ó tín-ín-rín bí irun. Níbi tí tákàdá kò bá tó, a fi ọ̀dà olómi kún un. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ewé tòótọ́ tí a ti sá gbẹ ni yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Fún òdòdó Passiflora kan ṣoṣo, ègé tí ó lò ju 200 lọ. Kò sì fi àfojúsùn lásán ṣe é: iye irun àárín òdòdó tí ó rí ni yóò gé, torí iye wọn ni àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà fi ń pín irúgbìn sí ìdílé-ìdílé. Sir Joseph Banks, tí ó bá Captain Cook yí ayé ká, yìn ín pé òun lè fọkàn tán àwòrán wọ̀nyí láti fi mọ irúgbìn.

Òtítọ́ ni pé ó ní àǹfààní tí púpọ̀ nínú wa kò ní. Ó ní ìráńṣẹ́. Ọba George Kẹta àti ayaba rẹ̀ pàápàá ń mú kí wọ́n fi irúgbìn ránṣẹ́ sí i láti ọgbà Kew. Síbẹ̀ kò sí ìráńṣẹ́ tí ó lè bá a wo ohun tí ó ń wò, ojú náà ni ó sì kọ́kọ́ já a kulẹ̀. Ó ti pinnu láti ṣe 1000 òdòdó. Ní 1782, nígbà tí ó ti ṣe 985, ojú rẹ̀ ṣú, ó sì fi àlùmọ́gàjí sílẹ̀. Ní 1788 ó kú.

Àwọn ẹbí rẹ̀ tọ́jú iṣẹ́ náà, títí ó fi bọ́ sí British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1897, nínú ìwé ńlá mẹ́wàá. Ní ẹ̀yìn àwọn òdòdó náà, ó kọ orúkọ irúgbìn, ọjọ́ tí ó ṣe é, àti ibi tí wọ́n ti mú un wá.